Ihò Tó Jẹ Àjọ Lógún

Páànù kan pẹ̀lú ìṣó mọ́kànlá, ohun tó kù kí ihò náà dí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káfíńtà ti ṣírò rẹ̀ lọ́kàn títí tó fi lè kàn án lójú àlá. Bí wọ́n bá gbé omi tíì kaná, kí omi náà tó hó, á ti gun àkàbà, á ti kàn án, á ti sọ̀ kalẹ̀, á sì ti máa béèrè ibi tí ṣúgà wà. Síbẹ̀, ọdún mẹ́ta gbáko ni ihò yìí fi wà lókè bẹ́ẹ̀dì kẹta nínú yàrá ìgbẹ̀bí, tí òjò ń gba ibẹ̀ wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́, tí káfíńtà tó mọṣẹ́ jù lágbègbè náà sì ń gun àkàbà lọ bá a pẹ̀lú téèpù, tó ń wọ̀n ọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ọ̀lẹ. Ìwé ló dè é lọ́wọ́.

Orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ló para pọ̀ di Àjọ. Ní ọdún méjì-méjì, àwọn àgbà Àjọ a máa jókòó nínú ilé onígíláàsì kan, wọn a sì kọ Ohun Márùn-ún Tó Jẹ Àjọ Lógún sínú ìwé. Ohunkóhun tí ẹkùn kan lábẹ́ Àjọ bá fẹ́ gbowó lé lórí gbọ́dọ̀ rí àyè jókòó sábẹ́ ọ̀kan nínú márààrún. Bí ilé rẹ bá ń jó, tí iná ò sí nínú ìwé, ìwọ ni kó o wá bí o ṣe máa sọ iná náà di ẹja. Ẹja kì í kúrò nínú ìwé. Orílẹ̀-èdè kan tó wà létí òkun ló fìbínú dìde nípàdé lọ́dún kan, ó ní bí wọn ò bá kọ ẹja sí i, òun ò ní bá wọn jẹun ọ̀sán, oúnjẹ ọ̀sán sì ti délẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tún ayé ṣe nìyẹn.

Wọ́n tún pín àwọn ẹkùn sí ọ̀nà mẹ́ta: Ẹkùn Tó Ti Dé, Ẹkùn Tó Ń Bọ̀, àti Ẹkùn Tó Ṣì Jókòó. Ẹkùn tí Káfíńtà ń gbé ti jókòó pẹ́ débi pé ìdí ti ń ro ó.

Ní ọjọ́ kejì tí ìjì ṣí páànù àtijọ́ ibẹ̀ lọ, Káfíńtà ti wà lórí àkàbà, ìṣó mẹ́ta lẹ́nu, nígbà tí Akọ̀wé Ẹkùn sáré wọ ọgbà ilé ìwòsàn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni Akọ̀wé yìí, tó máa ń di fáìlì mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Òun ló ń bá Àjọ sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo agbègbè náà, òun náà ló sì ń gba èébú fún Àjọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án," ó ti ń sọ ọ́ bọ̀ láti ẹnu géètì.

Káfíńtà tu ìṣó ẹnu rẹ̀ sọ́wọ́. "Ihò ni, Akọ̀wé. Mo fẹ́ dí i ni."

"Mo mọ̀ pé ihò ni. Ohun tó mú mi sáré nìyẹn. Ihò tí ẹ bá ti dí, ṣé ó tún jẹ́ ìṣòro?"

"Kò jẹ́ ìṣòro mọ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ dí i."

"Ó dáa. Ohun tí kì í ṣe ìṣòro, báwo ni Àjọ á ṣe fún wa lówó lé e lórí?"

Káfíńtà kó ìṣó ọwọ́ rẹ̀ sápò. Òótọ́ kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà. Káfíńtà mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ikán ti jẹ igi òrùlé ilé ìwòsàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìfaradà nìkan ló gbé e ró. Bí ó bá dí ihò yìí lónìí, òmíràn á là lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí Àjọ bá gbọ́ sí i, odindi òrùlé ni wọ́n máa ṣe, igi tuntun, páànù tuntun, bóyá yàrá ìgbẹ̀bí kejì pàápàá. Lọ́dún yẹn, Ìlera ló wà ní ipò kejì nínú ìwé Ohun Márùn-ún. Akọ̀wé ní ọ̀rọ̀ náà kò ní ju oṣù mẹ́fà lọ.

Káfíńtà sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbé ìwé kan síwájú rẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú pé òun ni Olùtọ́jú Ihò. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kó gun àkàbà, kó wọn gígùn ihò àti ìbú rẹ̀, kó kọ iye ìgbà tí omi jáde níbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, kó sì fi ránṣẹ́. Kó má dí i, kó má sì jẹ́ kí ẹlòmíì dí i.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn ọ̀hún. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bùọ̀dá mi, a wá di mẹ́ta tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí báyìí. Èmi ń tọ́jú aboyún, ẹ̀ṣọ́ ń tọ́jú géètì, ẹ̀yin ń tọ́jú òfìfo."

Àṣìṣe tó bí gbogbo ìyókù, káfíńtà nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀. Ihò tí ìjì dá kì í ní igun. Etí rẹ̀ rí jákujàku, ìpẹtà sì ń jẹ ẹ́ lọ. Bí ó bá wọ̀n ọ́n láti apá ọ̀tún, ínṣì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Bí ó bá wọ̀n ọ́n láti apá òsì, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kó gbádùn oúnjẹ. Ọkùnrin tó ti fi ogójì ọdún kan fèrèsé tí kò wọ́, wọ́n wá ní kó máa kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ihò wúruwùru. Ojú ń tì í. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó mú ọ̀bẹ páànù, ó gé etí ihò náà gún régé. Ó lọ fa igi gidi kan yọ, èyí tó ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó fá a títí tó fi ń dán, ó sì kan férémù yí ihò náà ká, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba: ọgbọ̀n ínṣì ní gígùn, méjìdínlógún ní ìbú. Ó tiẹ̀ kùn ún kó lè máa kọ mọ̀nà. Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn gba àárín rẹ̀ wọlé geere, kò ta sí ẹ̀gbẹ́ kankan, inú Káfíńtà sì dùn bí ẹni tó ṣe ire.

"Ihò yìí ti wá lẹ́wà ju pálọ̀ mi lọ," ni àbúrò rẹ̀ sọ, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi síta.

Akọ̀wé ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ilé onígíláàsì. Àwọn tó wà níbẹ̀ wo fọ́tò náà, wọn ò rí jàǹbá kankan. Férémù ni wọ́n rí. Ta ló ń fi férémù sí jàǹbá? Wọ́n fi fọ́ọ̀mù tuntun ránṣẹ́ padà. Níbi tí wọ́n kọ "Ìwọ̀n ihò" sí tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wá kọ ọ́ báyìí pé "Ìwọ̀n ohun tó wà nínú férémù." Afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú férémù nígbà náà, Káfíńtà sì ń wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Ajé láìyẹ̀. Ohun tó tún yà á lẹ́nu ni pé Àjọ kì í wo iye tó kọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye oṣù tó kọjá àti ti oṣù yìí ni wọ́n ń wò, nígbà tí kò sì sí ìyàtọ̀, wọn kì í ka ìyókù.

Oṣù mẹ́fà di ọdún méjì. Àwọn àgbà tún jókòó, ìwé tuntun sì jáde. Ìlera ti já sí ipò kẹfà nínú ìwé tó jẹ́ ti nǹkan márùn-ún. Omi ló bọ́ sókè. Ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Ọ̀dọ́, lẹ́yìn náà Ẹja, èyí tó kẹ́yìn sì ni Ìṣọ̀kan Fúnra Rẹ̀, nítorí Àjọ ti wá rí i pé òun gan-an jẹ ara òun lógún.

"Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá," ni Nọ́ọ̀sì Àgbà wí. "Ẹ bi wọ́n léèrè, bùọ̀dá mi, ẹja wo ló bímọ lábẹ́ òjò rí?"

Káfíńtà rò pé Akọ̀wé á wá sunkún. Dípò ìyẹn, fáìlì tó ní èèpo tuntun ló gbé wá, èèpo àwọ̀ omi.

"Kò sí ihò mọ́, bàbá," ó ní. "Mo ti kó o sábẹ́ Omi. Ibùdó Ìgbomi Òjò la ní níbí."

"Akọ̀wé, ibi tó ń jò ni."

"Kí ló ń jò níbẹ̀?"

"Omi."

"Ẹ ò rí i báyìí."

Àjọ ti gbà á wọlé, kódà inú wọn dùn sí i. Wọ́n ní àwọn á rán Aláyẹ̀wò wá ní ìgbà òjò, kó wá fojú ara rẹ̀ rí i bí omi ṣe ń ti òkè wá. Bí ọ̀kan yìí bá ń ṣe dáadáa, àwọn á sọ ọ́ di mẹ́rin.

"Ihò mẹ́rin?" Káfíńtà fọwọ́ lẹ́rán. "Lórí aboyún?"

"Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, bàbá. Ihò mẹ́rin ò lè dá dúró lójú ọ̀run. Ó di dandan kó ní òrùlé tí wọ́n máa dá a sí, ti ìsìnyí ò sì lè gbé e. Torí ihò, wọ́n á kan òrùlé tuntun fún wa látòkèdélẹ̀. Tí wọ́n bá ti lọ tán, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi ihò ṣe."

Káfíńtà rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ohun tó bà á lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ó yé e.

Kí Aláyẹ̀wò tó dé, Akọ̀wé gbé táǹkì dúdú ńlá kan wá, ó ní ibùdó omi tí kò ní táǹkì kò níyì. Igun yàrá ìgbẹ̀bí ni wọ́n gbé e sí. Igun yẹn gan-an ni wọ́n máa ń sún bẹ́ẹ̀dì kẹta sí nígbàkigbà tí òjò bá ṣú, òun sì ni àyè kan ṣoṣo tó wà. Kí táǹkì má bàa dà bí ohun tí kò ṣiṣẹ́ rí, Akọ̀wé ní kí ọkọ̀ omi wá rọ ọ́ kún dé ẹnu. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin mẹ́wàá kò lè sún un.

Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ Káfíńtà wà nílé bàbá rẹ̀, oyún oṣù mẹ́sàn-án nínú, oyún àkọ́kọ́. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ibi tó sì sún mọ́ jù tí obìnrin tún ti lè bímọ, ìrìn ìdajì ọjọ́ ni pẹ̀lú mọ́tò. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó Káfíńtà bí fún un nìyí. Inú yàrá ìgbẹ̀bí yìí kan náà ló bí i sí, nígbà tí fèrèsé ibẹ̀ kò tíì ní gíláàsì, òtútù wọ ìyá náà lára lẹ́yìn ìbímọ, ara rẹ̀ kò sì le mọ́ títí tó fi kú. Káfíńtà kì í dárúkọ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ín, ó kan gbogbo fèrèsé ibẹ̀, kò gba kọ́bọ̀.

Ọjọ́ tí Aláyẹ̀wò ń bọ̀ ni ọmọ yàn. Àárọ̀ ni ìrọbí bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Káfíńtà fi mú ọmọ rẹ̀ dé ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀dì kìíní ti ní ẹni tó bí ìbejì lánàá, ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì jẹ́ kí ẹni tó wà lórí ìkejì lè gbórí sókè. Bẹ́ẹ̀dì kẹta ló ṣófo. Wọ́n tẹ́ aṣọ sí i, ọmọbìnrin náà sùn sórí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lókè, ó ń wo férémù tó ń dán, àti àárín férémù níbi tí ìkùukùu ti ń ṣú bọ̀.

"Bàbá mi," ó ní, ó rọra ń mí, "ó dà bí pé wọ́n gbé àwòrán òjò kọ́ sókè."

Nọ́ọ̀sì Àgbà fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Kò pariwo, kì í pariwo bí ọ̀rọ̀ bá ti le. "Bùọ̀dá mi, òjò ń bọ̀, ọmọ ń bọ̀. Èwo lẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ wọlé?"

Akọ̀wé ti dúró síbẹ̀ láti àárọ̀, ó wọ kóòtù, ó sì ti lóòógùn gba inú rẹ̀. Ó gbọ́ ìbéèrè náà, ó mọ ibi tó ń lọ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wò ó, mo kúnlẹ̀. Wákàtí kan péré. Kí Aláyẹ̀wò ṣáà rí i pé ó ń jò, kó kọ ọ́, kó máa lọ. Òrùlé odindi ni, bàbá. Ọdún mẹ́ta la ti fi gbé e dé bí. Ẹ ro ti gbogbo aboyún tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la."

Irọ́ kọ́ ló ń pa, ìyẹn ló sì mú ọ̀rọ̀ náà korò. Káfíńtà rí wọn lọ́kàn, aboyún ọ̀la, aboyún ọ̀túnla, gbogbo wọn lábẹ́ òrùlé tuntun tí ikán kò tíì mọ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti ń gbọ́ bí òtútù ṣe ń mú kí eyín ọmọbìnrin náà lu ara wọn, bẹ́ẹ̀ ooru ló ń mú nínú yàrá, kò tíì sí òtútù rárá. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ yìí kò tiẹ̀ tíì dé ọjà.

"Aboyún ọ̀la pọ̀," ó sọ fún Akọ̀wé. "Eléyìí ni mo bí."

Páànù náà wà lẹ́yìn ilé láti ọdún mẹ́ta, ibi tó fi í sí lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó gun òkè. Ó kọ́kọ́ tú férémù, nítorí páànù kò lè jókòó dáadáa lórí rẹ̀, ó sì rọra tú u kí igun rẹ̀ má bàa ya. Ó so ó rọ̀ sísàlẹ̀ pẹ̀lú okùn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Ní ìṣó kẹsàn-án, òjò dé, òjò tí kò kí ènìyàn kó tó wọlé. Ó kan ìkẹwàá pẹ̀lú ojú dídì. Nígbà tó kan ìkọkànlá tán, kò sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó dojú dé orí páànù náà nínú òjò, ó fetí sí ìsàlẹ̀, bóyá á gbọ́ ìró omi. Igbe ọmọ ló gbọ́.

Nígbà tó wọlé, omi ń kán lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, gbogbo ilẹ̀ yàrá sì gbẹ. Ọmọbìnrin ni wọ́n bí. Ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ara rẹ̀ gbóná dáadáa. Apẹ̀rẹ̀ ìtẹ́ ọmọ méjèèjì tí ilé ìwòsàn ní, ìbejì ti gbà á. Nọ́ọ̀sì Àgbà wò yíká, ojú rẹ̀ bọ́ sára férémù tó wà nílẹ̀. Ó gbé e lé orí pákó kan láàárín àga méjì, ó tẹ́ aṣọ òtútù sí i nílọ̀ọ́po mẹ́rin, ó sì gbé ọmọ sí àárín rẹ̀. Ó gbà á rẹ́gí.

Ibẹ̀ ni Aláyẹ̀wò bá wọn. Obìnrin sísanra kan ni, oníwà pẹ̀lẹ́, ó wọ bàtà òjò dé orúnkún, ó sì di fọ́ọ̀mù mọ́ àyà nínú rọ́bà. Wọ́n ti sọ fún un pé omi máa ń ti òkè wá nínú yàrá yìí, nítorí náà ó ṣí agbòjò rẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Ó dúró sábẹ́ ibi tí ihò wà tẹ́lẹ̀. Òjò ń lu páànù lókè bí ẹni ń da òkúta. Ó dúró. Ó nawọ́ síta kúrò lábẹ́ agbòjò, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó tún dúró díẹ̀ sí i. Lẹ́nu ọ̀nà, Akọ̀wé ti kọjú sí ògiri.

"Ẹ má bínú," ni Aláyẹ̀wò wí nígbẹ̀yìn, "férémù dà?"

Káfíńtà fọwọ́ hàn án. Obìnrin náà fi àmì sí fọ́ọ̀mù.

"Ǹjẹ́ ohun kan wà nínú rẹ̀?"

"Ó wà, mà."

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

Ọmọ náà la ẹnu, ó ké títí tí ìbejì bẹ́ẹ̀dì kìíní fi bá a gbè é. Aláyẹ̀wò fi àmì sí i.

"Ṣé omi ń jáde?"

Nọ́ọ̀sì Àgbà ṣí aṣọ díẹ̀, ọmọ náà sì dáhùn fúnra rẹ̀. Aláyẹ̀wò sún agbòjò síwájú kó má bàa ta sí fọ́ọ̀mù, ó sì fi àmì méjì sí ibẹ̀.

"Ìbéèrè tó kù rèé. Láti òkè ló ti wá, àbí láti ilẹ̀?"

"Láti òkè ni, mà," ni Káfíńtà wí, tinútinú ló sì fi sọ ọ́.

Bí obìnrin náà ti lọ, Akọ̀wé jókòó sílẹ̀ lórí kóòtù rẹ̀. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní bí ilé onígíláàsì bá gbọ́ pé ihò ti dí, fáìlì náà ti kú nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé fọ́ọ̀mù wá bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ kọ òdo sí i, bàbá, ká gbàgbé ẹ̀."

"Mi ò lè purọ́ sínú ìwé tí mo buwọ́ lù," ni Káfíńtà wí. Ó mú pẹ́ńsù tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀. "Ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún mi."

"Ìwọ̀n ohun tó wà nínú férémù."

"Ṣé òdo ló wà nínú férémù mi?"

Ó fa téèpù yọ, ó wọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀: ogún ínṣì. Èjìká rẹ̀: mẹ́fà. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye ìgbà tí omi jáde lọ́sẹ̀ náà, ó bi ìyá ọmọ, ìyẹn ka ìlédìí tó wà lórí okùn àti èyí tó wà nínú bàsíà, ó ní mẹ́tàdínláàádọ́ta. Káfíńtà kọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó dúró dáadáa. Akọ̀wé wo fọ́ọ̀mù náà títí. Lẹ́yìn náà ló ṣí fáìlì, ó tì í sí i, ó sì di fáìlì mọ́yà.

Fún ọdún mẹ́ta, ihò náà kò kúrò lójú kan. Ó wá sún kì lẹ́ẹ̀kan náà, Àjọ sì kọ lẹ́tà ìkíni pé ara rẹ̀ ti ń yá. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó fi ínṣì kan lé. Ní oṣù kẹta, ó ti di mẹ́tàlélógún. Ní oṣù kẹrin, mẹ́rìnlélógún, èjìká náà sì ń fẹ̀ sí i. Òjò ti dá nígbà náà, ilẹ̀ gbogbo ti gbẹ, kànga àwọn ẹkùn mìíràn sì ti rí ìdí, síbẹ̀ omi kò yé jáde nínú férémù Káfíńtà, ó kéré tán ìgbà ogójì lọ́sẹ̀.

Ìyẹn dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé onígíláàsì. Ẹ̀ka Ewu ní ewu ni: ohun tó ń dàgbà bẹ́ẹ̀ láìdúró, bí wọn ò bá tètè ṣe nǹkan sí i, á gba gbogbo ilé. Ẹ̀ka Àṣeyọrí ní àṣeyọrí ni: nínú orílẹ̀-èdè mọ́kànlá, kò sí ibùdó omi mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Orílẹ̀-èdè etí òkun béèrè bóyá ẹja wà nínú rẹ̀. Wọ́n fà á títí di àkókò oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n sì wá fẹnu kò pé, ohun yòówù kó jẹ́, kí wọ́n kan òrùlé gidi sórí rẹ̀ kíákíá.

Ọkọ̀ ńlá mẹ́ta ló kó igi àti páànù dé. Káfíńtà yẹ igi náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi òórùn rẹ̀ símú, ó sì kan òrùlé yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò dá ihò sí i, ẹyọ kan. Kò sí ẹni tó bi í. Akọ̀wé wá lójoojúmọ́, ó ń gbé ìṣó fún wọn, ó sì ti gbàgbé fáìlì rẹ̀ sílé lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́tà tó kẹ́yìn wọlé lọ́jọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tuntun rọ̀. Akọ̀wé kà á sókè nínú yàrá ìgbẹ̀bí, níbi tí ọmọ Káfíńtà ti gbé ọmọ rẹ̀ wá fún abẹ́rẹ́. Òjò ń pariwo lókè, kò sì sí ẹ̀kán kan nílẹ̀. Ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó férémù, ó ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọmú mú. Àjọ ní inú àwọn dùn pé òrùlé ti jókòó. Ohun kan ló kù tó ń rú àwọn lójú, kí Olùtọ́jú jọ̀wọ́ dá àwọn lóhùn ní gbólóhùn kan, kí àwọn lè fi kọ́ àwọn ẹkùn yòókù: kí ló mú kí ohun tó wà nínú férémù náà dàgbà tó bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀?

Káfíńtà wo òkè, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọmọ tó wà láyà rẹ̀. Ó mú pẹ́ńsù lẹ́yìn etí, ó tẹ́ lẹ́tà náà lé orí táǹkì, ó sì kọ òtítọ́ síbẹ̀ bó ṣe ti ń kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀: "Ọmú ìyá rẹ̀ ni."